Ọwọ́ Tó Di Ìgbakọ Mú: Ìtàn Ilé Ìdáná Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Robben Island

Ọ̀rọ̀ kékeré kan, tí kò ju sílébù kan ṣoṣo lọ, ni mo fẹ́ kí a fi ṣí ìtàn òní: bù. A ń bu omi nínú àmù, a ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, a ń bu oúnjẹ fún àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀-ìṣe yìí bí. Bí a bá bu nǹkan kún nǹkan, ìbùkún ni. Bí a bá bu nǹkan kù, àbùkù ni. Bí a bá bu omi là á, àbùlà ni. Bí a bá sì bu ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ títí ó fi kọjá òtítọ́, àbùmọ́ ni. Ire àti ìtìjú, ara ọwọ́ tó ń bu nǹkan ni àwọn baba ńlá wa ti yọ orúkọ wọn.

Kò sí ibi tí mo mọ̀ tí òye yìí ti hàn kedere tó ilé ìdáná ọgbà ẹ̀wọ̀n. Níbi àsè, ẹni tí wọn kò bu oúnjẹ fún dáadáa lè bínú dìde, kí ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ní ọjà, ẹni tí olóúnjẹ rẹ́ jẹ lè yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Ẹlẹ́wọ̀n kò ní ọ̀la tirẹ̀ lọ́wọ́, kò sì ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Ohun tí ìgbakọ bá gbé wá ni yóò jẹ. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ irú ìjọba tó wà ní ìlú kan, kí a má wo ààfin rẹ̀ nìkan. Kí a yọjú sí ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n tì mọ́lé. Ìtàn ìkòkò kan báyìí ni mo fẹ́ sọ, èyí tí ó wà ní erékùṣù Robben Island ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà.

Ẹ̀wọ̀n, wọ́dà, kúkù àti alásè

Kí a tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò lò wò. Ẹ̀wọ̀n, irin ni tẹ́lẹ̀, irin tí a so kọ́ra wọn ní òrùka-òrùka láti fi de ènìyàn tàbí ẹranko. Nígbà tó yá, orúkọ irin di orúkọ ilé tí a ń de ènìyàn mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó tún di òṣùwọ̀n àkókò: bí adájọ́ bá fún ènìyàn ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ sí irin mọ́. Wọ́dà àti kúkù ní tiwọn, ọ̀rọ̀ àyálò ni wọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó wá jọba lé wa lórí ni wọ́n ti bá wa débí. Alásè ni ọ̀rọ̀ tiwa. Ẹni tí a pè láti wá se oúnjẹ àsè ni alásè, orúkọ rere ni ó sì ń wá, nítorí àwọn àlejò yóò royìn rẹ̀ délé.

Kúkù inú ọgbà ẹ̀wọ̀n kò jọ alásè, kò sì jọ kúkù ilé ọlọ́lá. Iṣẹ́ méjì ni ó so pọ̀. Ó ń dáná fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ó sì ń darí àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ń bá a dáná. Láàárọ̀, yóò ka iye ẹnu tí yóò jẹun. Yóò wọn ìyẹ̀fun àti ẹran jáde láti inú yàrá ìkóúnjẹsí, yóò sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà. Yóò ka ọ̀bẹ fún àwọn tí yóò gé ẹ̀fọ́, yóò sì tún kà á nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ọ̀kan má baà sọnù sínú aṣọ ẹnìkan. Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, oúnjẹ tí ó wà nínú ìwé yóò dé ẹnu. Bí kò bá jẹ́ olóòótọ́, tàbí bí ó bá jẹ́ olóòótọ́ ṣùgbọ́n tí ó ń di ojú, ìwé yóò kún, abọ́ yóò ṣófo. Ohun tí ìtàn Robben Island kọ́ wa gan-an nìyí.

Erékùṣù náà

Robben Island wà nínú òkun Àtìláńtíìkì, nǹkan bíi kìlómítà 7 sí etíkun tó sún mọ́ ọn jù lọ lẹ́bàá ìlú Cape Town. Orúkọ tí àwọn ará Hóláńdì sọ ọ́ wá láti ara ẹranko inú omi kan tí ó pọ̀ níbẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní seal. Ó ti pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ti ń lò ó láti fi gbé àwọn tí wọn kò fẹ́ rí sọnù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń kó àwọn olóṣèlú tó ń bá a jà lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ Rivonia, wọ́n kó Nelson Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà dé ibẹ̀ láti ṣe ẹ̀wọ̀n gbére: Walter Sisulu, Govan Mbeki, Raymond Mhlaba, Ahmed Kathrada, Elias Motsoaledi àti Andrew Mlangeni. Ẹnì kẹjọ tí wọ́n jọ dá lẹ́jọ́, Denis Goldberg, aláwọ̀ funfun ni, nítorí náà ìlú Pretoria ni wọ́n fi í sí. Kódà nínú ẹ̀wọ̀n, ìjọba yẹn kò gbà kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan náà.

Nínú àwọn méje tó dé erékùṣù yìí, ẹnìkan ṣoṣo, ìyẹn Kathrada, ni ìran rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bu oúnjẹ fún wọn ni ìyàtọ̀ náà ti fara hàn.

Àbùkù tí a kọ sínú ìwé

Òfin oúnjẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni àwọn ará Íńdíà àti àwọn tí ìjọba náà ń pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ oríṣiríṣi ẹ̀yà pàdé lára wọn. Ọ̀nà kejì ni àwọn aláwọ̀ dúdú. Ọ̀kan náà ni ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n kà sí Kathrada àti Mandela lọ́rùn, ọ̀kan náà sì ni ìdájọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀rá, ṣúgà àti ẹran tó tọ́ sí wọn kò dọ́gba. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ará Íńdíà àti Coloured máa ń gba ìdá mẹ́rin búrẹ́dì kan, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n sọ ní katkop, ìyẹn orí ológbò ní èdè Afrikaans. Aláwọ̀ dúdú kò gba nǹkan kan. Àlàyé ìjọba ni pé ènìyàn dúdú kò fẹ́ràn búrẹ́dì, pé oúnjẹ òyìnbó ni.

Àgbàdo ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ṣe é yàtọ̀. Láàárọ̀, ògì àgbàdo ni. Lọ́sàn-án, odindi hóró àgbàdo tí wọ́n sè ni ti aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará Íńdíà àti Coloured ń gba àgbàdo tí wọ́n bó tàbí tí wọ́n lọ̀, irú èyí tí ọmọ Yorùbá yóò rí tí yóò pè ní ẹ̀gbo. Ẹran kékeré a máa yọjú sínú ògì ní ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì, iṣan ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Ní alẹ́, kárọ́ọ̀tì kan tàbí ewé kábéèjì díẹ̀ lè bá ògì wá.

Nígbà tí aṣojú Àjọ Red Cross kan wá wò wọ́n ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀, Mandela gbé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ka iwájú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ó ti ròyìn nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1994, Long Walk to Freedom, èsì tí aṣojú náà fún un ni pé búrẹ́dì máa ń ba eyín jẹ́, pé àgbàdo ló dára jù. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ wà nínú rẹ̀: ẹni tí ó wá láti gba ẹjọ́ abọ́ òfo rò, ìtọ́jú eyín ni ó rí sọ.

Àbùmọ́ àti àbùlà

Àwọn orúkọ tí wọ́n fún oúnjẹ níbẹ̀ yẹ kí onímọ̀ èdè fetí sí. Ohun tí ìwé pè ní kọfí, àgbàdo ni. Wọ́n á yan án títí yóò fi dúdú bí èédú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì da omi gbígbóná lé e. Kọfí wà lórí ìwé, àgbàdo jíjó wà nínú ife. Bí èyí kì í bá ṣe àbùmọ́, n kò mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

Ohun mímu kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ phuzamandla. Inú èdè àwọn ará ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá: phuza túmọ̀ sí mu, amandla sì túmọ̀ sí agbára. Mu-agbára, nìyẹn. Ìyẹ̀fun àgbàdo àti ìwúkàrà ni wọ́n fi ṣe é, bí a bá sì pò ó kí ó ki dáadáa, ó dùn, ó sì ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń rí gbà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé àwọ̀ omi lásán ni ó ń yí padà. Mandela a máa fi tirẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi tó ife kan gidi, ṣùgbọ́n bí wọ́dà bá rí ẹni tó fi oúnjẹ pamọ́, wọ́n á gbà á, wọ́n á sì jẹ ẹ́ níyà. Agbára ni wọ́n kọ sára rẹ̀, àbùlà ni wọ́n bù fún wọn.

Ta ló ń dáná?

Títí di ibí yìí, ìjọba nìkan ni a ti ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mìíràn tún wà láàárín ìjọba àti abọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀daràn tí kì í ṣe olóṣèlú, àwọn olè àti àwọn oníjàgídíjàgan tí wọ́n wà ní ọgbà kan náà, ni àwọn aláṣẹ fi sí ilé ìdáná lábẹ́ àbójútó àwọn wọ́dà. Àwọn ni wọ́n ń sè é, àwọn ni wọ́n ń bù ú. Wọ́n á yọ ibi tó dùn nínú ẹran fún ara wọn àti fún ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n á sì yọ òmíràn sọ́tọ̀ fún wọ́dà kí wọ́dà lè fún wọn ní ọtí tàbí kí ó fi ojúure wò wọ́n. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ó ń dé inú àgbá irin tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùgbé àwọn olóṣèlú.

Àwa Yorùbá ní òwe kan tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti fi gbe irú ìwà yìí lẹ́sẹ̀: wọ́n ní ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ. Òtítọ́ ni pé ẹni tó ń yan ẹran kò ní ṣàìtọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ òwe mọ̀ pé òwe kì í dá rìn. Òmíràn ń bẹ tó ń kì í nílọ̀: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn kúkù wọ̀nyí ń jẹ àjẹìwẹ̀yìn, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ru igbá.

Síbẹ̀, kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ọ̀daràn tó di ìgbakọ mú. Ẹlẹ́wọ̀n ni òun náà. Ẹni tí ó fi í síbẹ̀, tí ó mọ ohun tó ń ṣe, tí ó sì ń gba ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀, aṣọ ìjọba ni ó wọ̀. Òun ni alábòójútó.

Ọjọ́ tí wọ́dà náà kọ oúnjẹ

Ní oṣù Keje ọdún 1966, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ó wà ní apá gbogbogbòò ọgbà náà kọ oúnjẹ sílẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn. Ìwé kékeré kan tí wọ́n fi ọ̀rá wé, tí wọ́n tì sí ìsàlẹ̀ àgbá oúnjẹ, ni ó mú ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Mandela àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n dá gbé ní apá tiwọn. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀nà tí ìwé náà gbà. Ilé ìdáná nìkan ni ibi tí nǹkan ti ń jáde lọ sí gbogbo apá ọgbà lójoojúmọ́, tí ó sì tún ń padà síbẹ̀. Nítorí náà, àgbá oúnjẹ di àpò ìwé, àwo ìdọ̀tí sì di èyí tó ń gbé èsì padà. Ibi tí ebi ti ń jáde ni ìròyìn náà ti ń jáde.

Àwọn Mandela dara pọ̀ mọ́ wọn. Lọ́jọ́ kìíní, oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbé wá, wọn kò jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ pọ̀ sí i, ẹ̀fọ́ díẹ̀ sì bá a wá. Lọ́jọ́ kẹta, ẹran gidi yọjú. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ògì ń dán fún ọ̀rá, ègé ẹran ńláńlá ń rú èéfín lórí rẹ̀, àwọn wọ́dà sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń kọjá lára rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: níbo ni ẹran yìí wà tẹ́lẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó gba ilé ìdáná tó ní kò sí láti fi hàn pé ó wà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni ó tẹ̀ lé e. Àwọn wọ́dà fúnra wọn kọ̀, wọ́n ní àwọn kò ní wọ ilé oúnjẹ tiwọn mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbè sẹ́yìn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n kàn rí i pé bí ẹlẹ́wọ̀n bá lè fi ebi bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, àwọn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí oúnjẹ àti ibùgbé wọn tí kò dára. Ọ̀rọ̀ náà wá ju agbára àwọn aláṣẹ lọ. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn wọ́dà parí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yan aṣojú mẹ́ta wá. Ebi kan náà ni ó ń pa ẹni tí a tì mọ́lé àti ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jọ jẹun rí.

Ìbùkún láìsí àfikún

Lẹ́yìn rògbòdìyàn Soweto ti ọdún 1976, ìjọba pinnu pé àwọn olóṣèlú nìkan ni ó kù tí Robben Island yóò máa gbà. Wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀daràn lásán kúrò níbẹ̀. Bí àwọn kúkù àtijọ́ ti lọ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò dáná bí kò ṣe àwọn olóṣèlú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi ìgbakọ lé wọn lọ́wọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ni ọkàn ìtàn yìí. Mandela ròyìn pé oúnjẹ dára sí i lọ́nà ìyanu. Ẹ̀fọ́ pọ̀. Ègé ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn nínú ọbẹ̀. Ó sì ṣàlàyé pé kì í ṣe pé àwọn kúkù tuntun mọ oúnjẹ sè ju àwọn ti àtijọ́ lọ. Ìjọba kò fi kọ́bọ̀ kún owó oúnjẹ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé jíjí oúnjẹ kó dópin: gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni ó ń wọ inú ìkòkò, gbogbo ohun tó wọ inú ìkòkò ni ó sì ń dé inú abọ́. Ìgbà náà ni ó tó yé wọn pé ó ti yẹ kí àwọn máa jẹ irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí fi ń wa òkúta ẹfun nínú oòrùn pẹ̀lú ikùn tí kò kún, tí wọ́n rò pé ìwé òfin nìkan ló ń fi ebi pa wọ́n. Òfin náà burú, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ẹran tí òfin burúkú yẹn fọwọ́ sí pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àbùkù méjì ni wọ́n rù: èyí tí ìjọba bù kù nítorí àwọ̀ ara, àti èyí tí ilé ìdáná bù kù nítorí wọ̀bìà. Èyí èkejì ni ọwọ́ ènìyàn díẹ̀ tó jẹ́ olóòótọ́ lè mú kúrò, òun ni wọ́n sì mú kúrò kí èkìíní tó kúrò.

Ìlàjì ṣíbí ṣúgà

Ní ọdún 1979, àwọn aláṣẹ kéde lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé láti ìgbà náà lọ, oúnjẹ àwọn aláwọ̀ dúdú, Coloured àti ará Íńdíà yóò dọ́gba. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é. Wọ́n ní olúkúlùkù yóò máa gba ṣíbí ṣúgà kan àti ààbọ̀ láàárọ̀. Dípò kí wọ́n fi ìlàjì ṣíbí kún ti aláwọ̀ dúdú kí wọ́n sì fi ti àwọn yòókù sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n yọ ìlàjì ṣíbí lára ti àwọn ará Íńdíà àti Coloured, wọ́n wá fi èyí kún ti aláwọ̀ dúdú. Ìdọ́gba dé, ṣùgbọ́n inú ife ẹlẹ́wọ̀n mìíràn ni wọ́n ti bù ú.

Búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú díẹ̀ ṣáájú èyí, ṣùgbọ́n Mandela sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ mú ìyàtọ̀ wá, nítorí ó ti pẹ́ tí gbogbo wọn ti ń kó búrẹ́dì wọn pọ̀ tí wọ́n sì ń pín in. Èyí wú mi lórí púpọ̀. Òfin pín wọn sí ọ̀nà méjì nídìí ìkòkò. Àwọn fúnra wọn tún oúnjẹ náà pín nínú yàrá. Ọdún púpọ̀ kí ìjọba tó kéde ìdọ́gba ni ẹlẹ́wọ̀n ti ń bu tirẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1991 ni àwọn olóṣèlú tó kẹ́yìn kúrò ní Robben Island. Ọdún 1996 ni wọ́n ti ọgbà ẹ̀wọ̀n náà pa pátápátá. Ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti ọdún 1997, àwọn tó ń ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ sì ń rí pátákó tó fi ìyàtọ̀ oúnjẹ ẹ̀yà kan sí èkejì hàn.

Òfin tó ń jẹ́ orúkọ Mandela

Ní ọdún 1955, ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kan ní ìlú Geneva gbé àwọn ìlànà kalẹ̀ nípa bí ó ti yẹ kí a máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n. Ó wà nínú wọn pé kí oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n jẹ́ èyí tó ń ṣara lóore, tí ó mọ́, tí a sè dáadáa, tí a sì bù dáadáa. Ṣùgbọ́n ìlànà náà ṣì fi àyè sílẹ̀ kí a dín oúnjẹ ẹlẹ́wọ̀n kù láti fi jẹ ẹ́ níyà, bí dókítà bá ti lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ yóò gbà á. Ní Robben Island, omi ìrẹsì ni wọ́n fi ń bọ́ ẹni tí wọ́n bá sé mọ́ yàrá ìdánìkanwà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tún àwọn ìlànà náà ṣe, wọ́n sì sọ wọ́n ní Ìlànà Nelson Mandela. Ìlànà 22 tún ọ̀rọ̀ oúnjẹ sọ. Ìlànà 35 ní kí dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera máa yẹ bí oúnjẹ ti pọ̀ tó, bí ó ti dára sí, bí a ti sè é àti bí a ti bù ú wò. Ìlànà 40 kò gbà kí a fi ẹlẹ́wọ̀n kan ṣe aláṣẹ tí yóò máa jẹ ẹlẹ́wọ̀n ẹgbẹ́ rẹ̀ níyà. Ìlànà 43 sì fi òpin sí dídín oúnjẹ tàbí omi kù gẹ́gẹ́ bí ìjìyà. Ẹni tó bá ti ka ìtàn òkè yìí yóò rí i pé àwọn ìlànà wọ̀nyí bá ìgbakọ wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìkòkò tiwa

Kí ni èyí kàn wá sí? Ó kàn wá gidigidi. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2019 yí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n padà sí ilé-iṣẹ́ àtúnṣe. Orúkọ dára, ṣùgbọ́n a ti rí i pé àgbàdo jíjó lè jẹ́ kọfí. Àwọn tó wà nínú àwọn ọgbà náà ń lọ sí nǹkan bí 80,000, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni kò sì tíì sí ilé ẹjọ́ tó dá wọn lẹ́bi. Wọ́n ń dúró de ìgbẹ́jọ́ ni. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó oúnjẹ wọn, láti N750 sí N1,125 fún ẹnìkan lójúmọ́. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni owó náà gbọ́dọ̀ rà. Ẹni tó bá ti dé ọjà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí lè ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí a máa bèèrè fún owó tó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìtàn Robben Island ní kí a bèèrè ìbéèrè kejì: nínú N1,125 náà, mélòó ni ó ń dé inú abọ́? Láàárín ìwé ìsúná àti ẹnu ẹlẹ́wọ̀n, agbaṣẹ́ṣe wà tó ń kó oúnjẹ wá, òṣìṣẹ́ wà tó ń gbà á wọlé, alábòójútó ilé ìdáná wà, ẹlẹ́wọ̀n tó ń rò ó wà, ẹni tó ń bù ú sì wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá tọ́ ọ wò, kí ni yóò kù fún ẹni ìkẹyìn? Nínú gbogbo wọn, alábòójútó ilé ìdáná ni ojú rẹ̀ ń rí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Òun ló rí àpò ẹ̀wà nígbà tó wọlé, òun ló sì rí abọ́ nígbà tó jáde. Bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ kéré lójú àwọn ọ̀gá, ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, nígbà mìíràn tí ẹ bá ń tú mọ́fíìmù inú ọ̀rọ̀ palẹ̀, tí ẹ sì kọ ìbùkún àti àbùkù sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ má ṣe rò pé eré orí pátákó ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló bí àwọn méjèèjì. Ìkòkò lè má yí padà, iná lè má yí padà, kódà ìwọ̀n inú ìwé lè má yí padà. Ọwọ́ tó di ìgbakọ mú ni yóò sọ èwo nínú ọmọ méjèèjì ni yóò dé inú abọ́.